Ẹlẹ́rìí ni Aago Ọwọ́, Kì í Ṣe Adájọ́
Àríwísí lórí àwọn ẹ̀rọ tí ń ka ìṣísẹ̀

Ní ojú ewé àríwísí, ìwé, ewì àti eré orí ìtàgé ni a sábà máa ń gbé yẹ̀wò. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò kì í ṣe ìwé, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀, àwọn kan sì wà tí wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ ju ọ̀rọ̀ dókítà lọ. Aago ọwọ́ tí ń ka ìṣísẹ̀ ni, èyí tí àwọn tí ń sọ Faransé ń pè ní montre connectée, pẹ̀lú àwọn ètò orí fóònù tí ń bá a ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní appli. Àwọn ọmọ wa tí ń bẹ ní ilẹ̀ Faransé ń fi í ránṣẹ́ sí òbí wọn nílé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń rà á ní ọjà Kútọnu. Ẹni tí kò tilẹ̀ ní aago lè ṣí fóònù rẹ̀ kí ó rí i pé ó ti ń ka ẹsẹ̀ òun láìjẹ́ pé òun bẹ̀ ẹ́.

Ohun méjì ló mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa, tí ó ń ru ẹrù lọ sí ọjà láràárọ̀, fi aago tí ọmọ rẹ̀ rà fún un hàn wá pẹ̀lú ìtìjú. Aago náà ń sọ fún un lálaalẹ́ pé kò rìn tó. Èkejì, bàbá kan tí ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tí púpọ̀ nínú wa ń pè ní tánsíọ̀n, ń dà láàmú, dá oògùn rẹ̀ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí pé aago rẹ̀ ń yìn ín lójoojúmọ́ pé ó ti dé ibi tí ó ń lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó tètè mọ̀. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹrú, aago ní ọ̀lẹ ni. Ẹni tí àìsàn ń ṣe, aago ní ara rẹ̀ dá ṣáṣá.

A kò sọ pé kí a kó àwọn ẹ̀rọ náà dà sínú ọ̀sà. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹlẹ́rìí ni wọ́n, wọn kì í ṣe adájọ́. Bí ẹlẹ́rìí bá sì dé iwájú àwọn àgbà, ìbéèrè mẹ́ta ló tọ́ kí a bi í kí a tó gba ẹ̀rí rẹ̀: Ta ló rán ọ? Ibo lo dúró sí tí o fi rí ohun tí o ń sọ? Ta ni o máa lọ ròyìn fún bí o bá kúrò níbí?

Ta ló rán an?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí iye tí púpọ̀ nínú wọn ń pariwo: ìṣísẹ̀ 10,000 lójúmọ́, ẹgbàárùn-ún gbáko. Ní ọdún 1964, ìdíje Olympic wáyé ní Tokyo, ọ̀rọ̀ eré ìdárayá sì gba ẹnu àwọn ará Japan kan. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, 1965, ilé iṣẹ́ Yamasa gbé ẹ̀rọ kékeré kan tí a ń fi há ìgbànú jáde fún títà. Manpo-kei ni wọ́n pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ẹ̀rọ tí ń ka ẹgbàárùn-ún ìṣísẹ̀. Orúkọ ọjà ni. Kì í ṣe pé àwọn oníṣègùn ti kọ́kọ́ wọn iye ìṣísẹ̀ tí ń lé ikú sẹ́yìn kí a tó kọ ọ́ sára ẹ̀rọ. Iye tó gún, tó sì rọrùn láti rántí, ni wọ́n mú. Àwa tí èdè wa ní ẹgbẹ̀rún, ẹgbàá àti ẹgbàárùn-ún mọ bí irú iye bẹ́ẹ̀ ṣe ń dùn lẹ́nu tó. Ṣùgbọ́n bí iye bá dùn lẹ́nu, ìyẹn kò sọ ọ́ di òtítọ́.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá wádìí rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ohun mìíràn ni wọ́n bá. Ní 2019, I-Min Lee ti Yunifásítì Harvard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ìwádìí jáde lórí àwọn àgbà obìnrin tó lé ní 16,000 ní Amẹ́ríkà, tí ọjọ́ orí wọn, bí a bá pín in dọ́gba, jẹ́ ọdún 72. Àwọn tí wọ́n ń rin nǹkan bí ìṣísẹ̀ 4,400 lójúmọ́ kò kú tó àwọn tí wọ́n ń rin nǹkan bí 2,700. Àǹfààní yìí ń pọ̀ sí i títí ó fi dé nǹkan bí 7,500, lẹ́yìn èyí kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i mọ́. Èyí kò ní kí ẹni tó lágbára má rìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ó sọ ni pé ìyá àgbà tí ó rin 5,000 kò kùnà ohunkóhun, bí aago rẹ̀ tilẹ̀ ń fajú ro.

Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sọ tirẹ̀ ní ọdún 2020. Wọ́n ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe ohun tí ń mú ara gbóná díẹ̀, tàbí ìṣẹ́jú 75 sí 150 fún èyí tí ń mú ni mí gúlegúle, kí ó sì máa ṣe ohun tí ń fún iṣan lágbára ní ọjọ́ méjì ó kéré tán lọ́sẹ̀. Wọn kò dárúkọ ẹgbàárùn-ún. Èyí tó tún ṣe pàtàkì fún wa ni pé iṣẹ́ òòjọ́, iṣẹ́ ilé àti ìrìn lọ sí ibi tí a ń lọ wà nínú ohun tí àjọ náà kà sí lílo ara. Ẹni tó bá ro oko láti àárọ̀ ti ṣe tirẹ̀, ì báà má wọ bàtà eré ìdárayá rí láyé.

Ibo ló dúró sí?

Aago kò lójú. Ẹ̀yà kékeré kan ló wà nínú rẹ̀ tí ń mọ̀ bí ara bá mì. Láti ara bí ọwọ́ ṣe ń fì síwájú sẹ́yìn ni ó ti ń ṣírò iye ìgbà tí ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ọrùn ọwọ́ ni ó dúró sí, ibẹ̀ ni ó sì ti ń jẹ́rìí ẹsẹ̀.

Ẹ wá padà wo ìyá wa. Ẹrù wà lórí rẹ̀, ọwọ́ tí aago wà gbé sókè láti di agbọ̀n mú. Ó rìn láti ilé dé ọjà, ọwọ́ kò fì, aago sì fo púpọ̀ nínú ìrìn náà dá. Nígbà tó délé tí ó dúró sí ojú kan tí ó ń gún iyán, ọwọ́ ń lọ sókè sódò, aago sì lè ka èyí sí ìrìn. Ẹni tó gun zémidjan lójú ọ̀nà tí kò dán náà lè sọ̀ kalẹ̀ kí ó bá ìṣísẹ̀ tí kò rìn lórí aago. Kì í ṣe irọ́ ni ẹ̀rọ náà ń pa. Ohun tí ó rí ni ó sọ. Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ẹni tí àwọn tó ṣe é ní lọ́kàn ni ẹni tí ó jókòó sí ọ́fíìsì láti àárọ̀, tí ó wá jáde ní ìrọ̀lẹ́ ní ọwọ́ òfìfo láti na ẹsẹ̀. Obìnrin tó ru ẹrù kò sí nínú àwòrán náà.

Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé kan tún wà lábẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ aago wọ̀nyí. Ó ń tàn sí awọ ara láti mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sún lábẹ́ rẹ̀, kí ó lè mọ bí ọkàn ṣe ń lù. Ìbéèrè tó kàn wá ni pé, ǹjẹ́ ó ń rí awọ dúdú bí ó ṣe ń rí awọ funfun? Nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò yẹ kí a sọ àsọdùn. Ní 2020, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Duke dán àwọn aago kan wò lára àwọn ènìyàn tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra. Wọn kò rí ìyàtọ̀ tó ṣe é gbára lé láàárín àwọ̀ kan àti èkejì lórí lílù ọkàn. Ohun tí wọ́n rí ni pé àṣìṣe aago ń pọ̀ sí i bí ara bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ju ìgbà tí ó wà ní ìsinmi. Ní ti wíwọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Ní ọdún kan náà, Michael Sjoding àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn nínú New England Journal of Medicine pé ẹ̀rọ oníná tí a ń fi há ìka aláìsàn ní ilé ìwòsàn ń kùnà láti rí i pé ọ́síjìn ti lọ sílẹ̀ lára àwọn aláwọ̀ dúdú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta iye ìgbà tí ó ń kùnà lára àwọn aláwọ̀ funfun. Ẹ̀rọ ilé ìwòsàn nìyẹn o. Aago tí ń wọn ọ́síjìn, ìmọ́lẹ̀ ni òun náà ń lò. Kí ẹni tí ó bá ń mí pẹ̀lú ìnira má jókòó máa wo aago.

Ní ti kálórì, ẹ̀rí náà tilẹ̀ mẹ́hẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Stanford dán ẹ̀rọ méje wò lára ènìyàn 60 ní 2017. Mẹ́fà nínú méje kò fi ju ìdá 5 nínú 100 ṣìnà lórí lílù ọkàn, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n lórí kálórì tí ara jó, èyí tó sàn jù nínú wọn fi ìdá 27 nínú 100 ṣìnà, èyí tó burú jù fi ìdá 93 ṣìnà. Tí aago bá wá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ó ti jó kálórì tó láti jẹ búrẹ́dì onísúgà méjì, kí ó rántí iye wọ̀nyí. Ẹ tún wo appli tí ń béèrè gíráàmù oúnjẹ tí a jẹ. Kí ni kí ẹni tó ń bá ẹni mẹ́ta jẹun nínú àwo kan náà kọ síbẹ̀? Gíráàmù mélòó ni òkèlè?

Ohun tí a gbọ́dọ̀ fi yìn ín

Adájọ́ tó bá gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a sọ ire tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe. Ní 2022, àwọn onímọ̀ ní Australia kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n sì tẹ èsì wọn jáde nínú The Lancet Digital Health. Wọ́n rí i pé àwọn tí wọ́n ń lo ẹ̀rọ wọ̀nyí ń fi nǹkan bí ìṣísẹ̀ 1,800 kún ìrìn wọn lójúmọ́, wọ́n sì ń fọ̀n níwọ̀n bí kílò kan. Èyí kì í ṣe ohun kékeré fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìjókòó. Ó jí i lójú oorun, ó sì fi ohun tí kò mọ̀ nípa ọjọ́ rẹ̀ hàn án.

Ṣùgbọ́n ìjí yàtọ̀ sí ìwòsàn. Ní 2016, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Pittsburgh tẹ ìwádìí ọdún méjì kan jáde lórí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́ fọ̀n, tí gbogbo wọn sì ń gba ìmọ̀ràn. Àwọn tí a fún ní ẹ̀rọ fọ̀n ní ìwọ̀n kílò 3.5. Àwọn tí a kò fún ní ẹ̀rọ fọ̀n ní ìwọ̀n kílò 5.9. Ìwádìí náà kò fi ẹsẹ̀ ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Èrò tiwa ni pé ẹni tó ti gbé ìṣọ́ ara rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ sábà máa ń gbàgbé láti ṣọ́ ara rẹ̀. Ní ti oorun, àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà kan kọ̀wé ní 2017 nípa àwọn aláìsàn tí wọ́n ń ṣàníyàn nípa iye tí ẹ̀rọ fún oorun wọn débi pé àníyàn náà di ìṣòro oorun fúnra rẹ̀. Wọ́n sọ orúkọ rẹ̀ ní orthosomnia. Ẹni tó jí tí ara rẹ̀ yá, kí ló kàn án pẹ̀lú ohun tí aago sọ pé kò sùn?

Ta ló ń ròyìn fún?

Èyí ni ìbéèrè tí a kì í sábà béèrè. Ohun tí aago mọ̀ kì í dúró sínú aago. Ó ń lọ sínú fóònù, láti inú fóònù ó ń lọ sínú kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó ni ín, ní òkè òkun. Bí ẹlòmíràn bá sì ra ilé iṣẹ́ náà, ohun tó wà ní ìpamọ́ ń bá a lọ sí ilé tuntun. Fitbit di ti Google ní ọdún 2021.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, Strava, appli tí àwọn tí ń sáré àti àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ ń lò, gbé àwòrán ilẹ̀ ayé jáde tí ó fi ìmọ́lẹ̀ hàn ibi tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń ṣe eré ìdárayá. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún 2018, àwọn ènìyàn ṣàkíyèsí pé àgọ́ àwọn ọmọ ogun ń tàn yanran nínú aṣálẹ̀ Síríà àti ní Afghanistan, nítorí pé àwọn ọmọ ogun tí ń sáré yí àgọ́ wọn ká wọ aago. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ìwé ìròyìn Le Monde fi hàn pé ó ṣeé ṣe láti mọ ibi tí Ààrẹ Faransé àti àwọn ààrẹ mìíràn máa wà, nítorí àwọn ẹ̀ṣọ́ wọn ń gbé ìsáré wọn sórí Strava kan náà. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀ṣọ́ ààrẹ, kí ni ká sọ nípa akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tí ń sáré ní ọ̀nà kan náà, ní aago mẹ́fà àárọ̀, ní Àjàṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni sì lè rí ojú ọ̀nà rẹ̀ àti ẹnu ilé tí ó ti jáde?

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tilẹ̀ jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2021, ìjọba Amẹ́ríkà, láti ọwọ́ àjọ FTC, fi ẹ̀sùn kan àwọn tó ni Flo, appli tí àwọn obìnrin fi ń ka ọjọ́ nǹkan oṣù wọn, pé wọ́n ṣe ìlérí ìpamọ́, síbẹ̀ wọ́n jẹ́ kí ìsọfúnni nípa oyún àti nǹkan oṣù dé ọ̀dọ̀ Facebook àti àwọn mìíràn. Ohun tí obìnrin kì í sọ níwájú àna rẹ̀, fóònù ti lọ sọ ọ́ fún olùpolówó ọjà.

Òfin wà fún wa. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, Code du numérique, òfin 2017-20 tí a fọwọ́ sí ní 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, dáàbò bo ìsọfúnni nípa ara ẹni, àjọ APDP ló sì ń mójú tó o. Ní Tógò, òfin 2019-014 ti 29 oṣù kẹwàá ọdún 2019 ló ń ṣe iṣẹ́ kan náà, àjọ IPDCP sì ni tiwọn. Àwọn òfin wọ̀nyí fún wa ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí a kọ nípa wa, kí a sì ní kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n pa á rẹ́. Síbẹ̀, ilé iṣẹ́ tó wà ní òkè òkun jìnnà sí ọwọ́ òfin wa. Ohun tí a kò bá fún wọn ni ó dá wa lójú pé wọn kò ní.

Bí a ó ṣe yàn án, bí a ó ṣe lò ó

Ohun tó yẹni ló yẹni. Okùn ọrùn kò yẹ adìẹ. Kí ẹni tó fẹ́ ra aago kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó fẹ́ mọ̀. Bí ó bá jẹ́ iye ìṣísẹ̀ lásán, fóònù tó wà lápò rẹ̀ ti tó: ìwádìí kékeré kan tí a tẹ̀ jáde nínú JAMA ní 2015 fi hàn pé fóònù lè ka ìṣísẹ̀ dáadáa bí ẹ̀rọ tí a ń wọ̀. Kí ó dán ẹ̀rọ rẹ̀ wò fúnra rẹ̀. Kí ó rin ìṣísẹ̀ 100, kí ó kà á lẹ́nu, kí ó wo ohun tí ẹ̀rọ sọ. Kí ó tún un rìn pẹ̀lú ẹrù lórí. Ìyàtọ̀ tó bá rí ni yóò kọ́ ọ ní ìwọ̀n tí ó yẹ kí ó gba ẹ̀rí náà.

Kí ó tó fi appli sí orí fóònù, kí ó wò bóyá yóò ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, bóyá ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pariwo yóò di owó oṣooṣù, àti bóyá ó ṣeé ṣe láti pa gbogbo ohun tó kọ síbẹ̀ rẹ́. Kí ó má jẹ́ kí ó mọ ibi tí òun wà àyàfi nígbà tí ó bá pọn dandan, kí ó má sì jẹ́ kí ojú ọ̀nà òun hàn sí gbogbo ayé. Bí ọmọ bá ra aago fún òbí tí kò ka Faransé, kí ó jókòó tì í, kí ó sọ ohun tí aago náà ń sọ àti ohun tí kò lè sọ. Kí ó sì gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí náà kí ó tó máa wo iye rẹ̀ láti òkè òkun. Ara ìyá ẹni kì í ṣe ìwé ìròyìn tí a ń ṣí wò nígbàkígbà.

Lékè gbogbo rẹ̀, ìṣísẹ̀ kì í ṣe tánsíọ̀n. Ẹ̀rọ tí a fi ń di apá, tí ń fún apá, ni a fi ń mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ru. Ní ti àtọ̀gbẹ, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ ní oṣù kejì ọdún 2024 pé kí ẹnikẹ́ni má gbára lé aago tàbí òrùka tó sọ pé òun lè wọn súgà inú ẹ̀jẹ̀ láìgún awọ ara, nítorí pé wọn kò fọwọ́ sí ìkankan nínú wọn. Ẹni tó bá fi irú iye bẹ́ẹ̀ díwọ̀n oògùn ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Bàbá wa ti padà sí ìdí oògùn rẹ̀. Ó ṣì ń wọ aago náà, ó sì ń rìn ní ìrọ̀lẹ́, èyí tí ó dára fún ẹ̀jẹ̀ ríru pẹ̀lú oògùn, kì í ṣe dípò oògùn. Ní ti ìyá wa, a ní kí ó di fóònù rẹ̀ mọ́ ìdí ìró nígbà tí ó bá ń lọ sí ọjà, níbi tí ara ti ń mì pẹ̀lú ẹsẹ̀. Iye tí fóònù kà ju ti aago lọ fíìfíì. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: «Ṣé mo sọ fún yín? Ẹsẹ̀ mi mọ̀.» Lẹ́yìn náà, ó tú aago náà kúrò lọ́wọ́, ó fi í fún ọmọ ọmọ rẹ̀ tí ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ di alẹ́. Àwa gbà pé ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ ni ẹlẹ́rìí náà dé.